Òpó àti Ṣíbí: Ìlú Tí Wọ́n Fi Ìyẹ́ Adìyẹ Yà

Adìrẹ Ìbàdàndùn jẹ́ àwòrán ìlú tí kò ní ojú sánmà. Kò sí ibi tí ilẹ̀ ti parí tí òfuurufú bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó ń fún mọ́ra bó ṣe ń jìnnà, kò sí òjìji ilé kan tó ṣubú lé èkejì, ohun tó wà nítòsí kò sì tóbi ju ohun tó wà lókèèrè lọ. Síbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn tó bá tẹ́ ẹ wò yóò mọ̀ pé ilé ni òun dé. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni yóò kọ́kọ́ rí, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n mọ́lẹ̀ nínú aró, tí ṣíbí sì ń bẹ láàrin òpó kan sí èkejì. Òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, títí ìlà yóò fi tán.

Gbọ̀ngàn Màpó kì í ṣe ilé kékeré. Ọdún 1925 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, lórí òkè tí àárín ìlú ti ń rí i. Ilé àṣẹ ni. Ìjọba amúnisìn kọ́ ọ lọ́nà tí ará ìlú yóò fi máa gbójú sókè wò ó. Obìnrin aládìrẹ wò ó, ó mú òpó rẹ̀ nìkan, ó fi òrùlé àti ògiri sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ mú ṣíbí nílé ìdáná, ó gbé e ti òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì ga bákan náà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àwòrán Ìbàdàn tí wọ́n fi ọ̀dà yà: òrùlé páànù tó ti dípẹtà, òkè, oòrùn ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dára lójú. Àmọ́ n kò tíì rí èyí tó sọ bí ènìyàn ṣe ń gbé nínú ìlú náà tó ìlà kan ṣoṣo yìí. Níbẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ àti ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ ti pàdé, tí ọ̀kan kò sì kúnlẹ̀ fún èkejì.

Èyí tó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ní Ìkẹjà jẹ́ ìró àgbà, abala méjì tí wọ́n rán pọ̀ láàrin. Yàtọ̀ sí ọ̀wọ́ òpó àti ṣíbí, gbogbo ojú aṣọ náà pín sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì fara kanra bí ojúlé nínú agbo-ilé. Nínú ọ̀kan, ewé ẹ̀gẹ́ la ọwọ́ rẹ̀ dé gbogbo igun. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹyẹ méjì kọjú síra. Òmíràn kò ní ju ìlà tó yí ara rẹ̀ ká àti àmì tó-tò-tó lọ. N kò lè sọ pé nǹkan báyìí ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè mójú kúrò lára rẹ̀. Ọwọ́ tó ya ewé ẹ̀gẹ́ náà fi ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sè yà á. Irè oko ya àwòrán ara rẹ̀ sára aṣọ, ó sì lọ.

Pípín tí aṣọ náà pín sí yàrá-yàrá yìí ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò, nítorí òun ló mú kí ìlú náà ṣeé gbé. Àwòrán tí a yà láti ojú kan máa ń fi ipá mú wa dúró síbi tí ayàwòrán dúró sí. Ẹni tó bá ya Ìbàdàn láti Òkè Àrẹ̀mọ kò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ilé. Aládìrẹ kò gbà láti dúró sójú kan. Ó wọ ilé, ó jáde, ó dé oko, ó gun òkè Màpó, ó sì fún ibi kọ̀ọ̀kan tó dé ní yàrá tirẹ̀ lórí aṣọ. Ohun tó fi sílẹ̀ fún wa kì í ṣe ohun tí ojú rí lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò ṣe ohun tí ẹni tó ń gbé ìlú mọ̀.

Àwọn mìíràn dé ibi kan náà láti ọ̀nà tó jìnnà gan-an. Sayed Haider Raza, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ Progressive Artists' Group sílẹ̀ ní Bombay lọ́dún 1947, dàgbà sí ẹ̀bá igbó ní àárín gbùngbùn Íńdíà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Faransé ní 1950, ó sì ya àwòrán ìlú àti abúlé ibẹ̀ tó mú kí orúkọ rẹ̀ hàn. Nígbà tó yá, ilé àti igi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ooru ilẹ̀ àti òkùnkùn igbó tó ti ṣe ọmọdé ló kù, nínú àwọ̀ nìkan. Ní 1983 ó ya èyí tó pè ní Saurashtra, orúkọ agbègbè kan ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Mítà 2 ni ní ìbú, mítà 2 ní òòró. Kò sí òkè tàbí odò tí ènìyàn lè nàka sí nínú rẹ̀. Yàrá-yàrá ló pín in sí, pupa tó gbóná, àwọ̀ ọsàn, dúdú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ayàwòrán àtijọ́ ní Íńdíà ṣe máa ń pín ojú ìwé kékeré tí wọ́n ń yàwòrán sí. Ní 2010 wọ́n ta á ní London ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn.

N kò dárúkọ Raza láti fi í gbé aládìrẹ ga. Ìbàdàndùn ti wà ní ìdí àwọn obìnrin wa tipẹ́tipẹ́ kí Saurashtra tó wáyé, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni kó wá jẹ́rìí fún un. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé wíwo ọ̀kan kọ́ mi bí mo ṣe lè wo èkejì. Ẹni tó bá ti dúró níwájú irú àwòrán Raza bẹ́ẹ̀, tó ti gbà pé ilẹ̀ lè wà níbẹ̀ láìsí ewéko kan ṣoṣo, kò ní béèrè mọ́ pé kí ni ìlà tó yí ara rẹ̀ ká ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé ẹ̀gẹ́. Yóò wo bí ìlà náà ṣe fún ojú ní ìsinmi láàrin ewé àti ẹyẹ, bó ṣe jẹ́ pé ibi tó há jù nínú aṣọ ló wà, àti pé bí a bá yọ ọ́ kúrò, gbogbo ọ̀wọ́ náà yóò fọ́n.

Ọwọ́ tó ṣe é ló yẹ kí a wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ wàyí. Láfún ni wọ́n ń sè di ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi álọ́mù àti copper sulphate sí kó lè dúró nínú omi aró, tí wọ́n sì ń sẹ́ ẹ kó má bàa ní kóró. Nínú sísè yìí nìkan, iṣẹ́ lè bàjẹ́. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, yóò tàn kálẹ̀ lórí aṣọ, ẹyẹ yóò di abàwọ́n. Bí ó bá ki jù, kò ní kúrò lẹ́nu ìyẹ́, tó bá sì gbẹ, yóò là, aró yóò sì gba ibi tó là wọlé. Ìyẹ́ adìyẹ ni kálámù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà fún ìlà tó nípọn, ṣónṣó rẹ̀ fún èyí tó tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ fún àmì tó-tò-tó. Àwọn mìíràn máa ń lo ẹyọ ìgbálẹ̀ fún èyí tó tín-ín-rín jù lọ.

Ó wá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò nígbà tí wọ́n bá ń wo adìrẹ tó ti parí ni pé obìnrin yìí kò rí àwòrán rẹ̀ bó ṣe ń yà á. Ẹ̀kọ tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fi sórí aṣọ funfun, ó sì ní láti rí i ní ìdàkejì: gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ni yóò mọ́lẹ̀, gbogbo ibi tó fi sílẹ̀ ni yóò dúdú. Òkùnkùn tó yí òpó Màpó ká ni ibi tí kò fọwọ́ kàn. Ayàwòrán tó ń lo ọ̀dà lè sún sẹ́yìn, kó wò ó, kó tún un ṣe, kó fi àwọ̀ mìíràn bò ó. Ẹ̀kọ kò ní àtúnṣe. Bó bá ti kán sórí aṣọ, aṣọ ti mu ún. Nítorí náà, inú orí ni ìlú náà ti gbọ́dọ̀ parí kí ìyẹ́ tó kan aṣọ, òpó, ewé àti ẹyẹ, pẹ̀lú ìwọ̀n àyè tó wà láàrin wọn. Kò sí àwòrán àkọ́kọ́ tí ó ń wò kọ. Èyí ni ọgbọ́n tí mo ń bu ọlá fún jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí. Ẹ yí adìrẹ ẹlẹ́kọ padà, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú káàkiri, bí ẹni pé ìlú náà kò sí rí.

Láti ọwọ́ aládìrẹ, aṣọ náà máa ń bọ́ sọ́wọ́ aláró, iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ìmọ̀ ọ̀tọ̀. Ewé ẹlú tútù ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá kó gbẹ. Eérú ni wọ́n ń da omi sí nínú ìkòkò oníhò kí omi rẹ̀ lè máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Wọ́n ń rẹ ẹlú sínú omi eérú yìí fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ yóò sì fi han aláró pé ó ti tó. Aṣọ tó bá jáde nínú ìkòkò kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń jọ àwọ̀ ewé tó ń pọ́n, afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, búlúù á sì yọ lójú ẹni tó ń wò ó. Wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, léraléra, àwọ̀ náà á máa wọra sí i. Aṣọ tí ẹ̀kọ wà lára rẹ̀ kò ṣeé fún, kò ṣeé rò nínú ìkòkò, kò sì ṣeé fi sílẹ̀ pẹ́ jù, nítorí ẹ̀kọ yóò rọ̀. Aláró gbọ́dọ̀ mọ ìṣẹ́jú tó yẹ kó yọ ọ́. Bó bá ṣe àṣìṣe, iṣẹ́ ẹni méjì ló bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ha ẹ̀kọ tó ti gbẹ kúrò. Ìgbà yìí gan-an ni aládìrẹ rí ohun tó yà. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀kọ kì í sì í funfun báláú. Aró díẹ̀ máa ń rí ọ̀nà wọlé, nítorí ẹ̀kọ kì í ṣe ìda. Òpó Màpó tó wà lórí aṣọ mi ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lórí òkè. Bó bá funfun gan-an ni, òpó ìbá ya kúrò lára aṣọ, ìbá dá dúró gẹ́gẹ́ bí àmì. Fífẹ́rẹ̀ẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yìí ló so ó mọ́ òkùnkùn tó yí i ká, ó sì jẹ́ kí gbogbo yàrá tó wà nínú aṣọ náà gba ìmọ́lẹ̀ kan náà. Afẹ́fẹ́ ìlú kan ṣoṣo ló ń fẹ́ nínú gbogbo wọn. Àwọn ayàwòrán ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá irú ìṣọ̀kan àwọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá sún ojú mọ́ ìlà òpó, mo lè tẹ̀ lé ìyẹ́ náà. Ibi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ ẹ̀kọ, ìlà nípọn, etí rẹ̀ yọ díẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó ń fúyẹ́, ó ń tín-ín-rín, títí yóò fi kù díẹ̀ kó já, lẹ́yìn náà ìlà mìíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Òpó kejì tẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún. Ṣíbí tó tẹ̀ lé e gùn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òpó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì fà sẹ́yìn láti fún un láyè. Ọwọ́ tó ṣe èyí ń dá ara rẹ̀ lóhùn bó ṣe ń lọ. Kò sí òpó méjì tó bára mu, síbẹ̀ ọ̀wọ́ náà kò dàrú, nítorí àyè tó wà láàrin wọn ni obìnrin yìí ń wọ̀n, kì í ṣe òpó fúnra rẹ̀.

Ìkẹjà mọ aṣọ. Nígbà kan, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ bíi Nigerian Textile Mills ní Oba Akran ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ, wọ́n ń tẹ àwòrán sí i lára, ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Agége dé Ọ̀jọ́ta sì jẹun nídìí rẹ̀ kí àwọn ẹ̀rọ náà tó dákẹ́. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán máa ń ya òpó lẹ́ẹ̀kan, á sì máa dà á kọ. Lónìí, aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán adìrẹ sí nílẹ̀ òkèèrè kún ọjà wa, owó pọ́ọ́kú sì ni. Mo gbé ọ̀kan tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró yìí. Òpó rẹ̀ gún régé, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ojú mi wo òpó àkọ́kọ́, ó fò kọjá gbogbo àwọn tó kù, nítorí wọn kò ní nǹkan mìíràn láti sọ. Lórí ìró àgbà, mi ò lè fò ọ̀kan. Aládìrẹ kọ́ Màpó lọ́tun ní gbogbo ìgbà tó dé ìdí òpó.

Abẹ́òkúta ní ọ̀nà tirẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí n má bàa ṣe ojúsàájú. Níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ń gé àwòrán sára páànù, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ pa á. Àwòrán Olóba, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jùbílì ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1935, bá páànù mu dáadáa, nítorí ojú ọba gbọ́dọ̀ jọ ojú ọba ní gbogbo ìgbà. Fún ilẹ̀ àti ìlú, ìyẹ́ ni mo fara mọ́. Ní àwọn ọdún 1930 yẹn kan náà, wàhálà ńlá dé bá àwọn aláró Abẹ́òkúta lórí aró ilé iṣẹ́ àti sódà líle tó ń jẹ aṣọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ó fòfin de ìlò wọn, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Àwọn obìnrin yìí mọ iyì ohun tó wà nínú ìkòkò wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìjà rẹ̀ fi dé ààfin.

Ohun kan wà tí kánfáàsì kò lè ṣe láé: a kì í wo ìlú yìí ní títẹ́ nìkan. Obìnrin ró o. Òpó Màpó ká a ní ìbàdí, wọ́n wọnú ìṣẹ́po, wọ́n pòórá, wọ́n tún yọ ní apá kejì. Bó bá jókòó, òkè náà ká lórí orúnkún rẹ̀. Bó bá pọn ọmọ, ọmọ ń sùn lórí ewé ẹ̀gẹ́. Lórí ìró tó wà níwájú mi, ẹni tó rán abala méjèèjì pọ̀ yí ọ̀kan padà: òpó abala òkè dúró gbọnrangandan, òpó abala ìsàlẹ̀ dorí kodò. Níbi tí wọ́n ti pàdé ní ojú rírán, ìdí òpó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí òpó kejì. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ìlú tí kò ní ojú sánmà kò ní òkè àti ìsàlẹ̀ tó lè ṣì, ẹni tó ró o sì lè yí èyí tó bá wù ú sókè ní ọjọ́ tó bá wù ú.

Susanne Wenger, ayàwòrán òyìnbó tó wá gbé láàrin wa, rí i pé àwòrán kíkún ni ẹ̀kọ lè gbé. Ó mú ọgbọ́n ẹ̀kọ àti aró, ó fi ya ìtàn àwọn òrìṣà sórí aṣọ ńláńlá. Yusuf Grillo, tó darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún nǹkan bí ọdún 25, fi búlúù kún àwòrán rẹ̀ débi pé ènìyàn lè mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà. A ń pe Wenger àti Grillo ní ayàwòrán, ó sì tọ́ sí wọn. Ní 1971, Jane Barbour àti Doig Simmonds kó ìmọ̀ nípa adìrẹ jọ sínú ìwé kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, orúkọ àwọn àwòrán aṣọ sì ti wà lákọsílẹ̀ láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ aṣọ adìrẹ wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London títí dòní. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn ni pé aṣọ Yorùbá ni, àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Orúkọ ẹni tó yà á kì í sábà sí níbẹ̀.

Bí wọ́n bá fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ láti gbé kọ́ ní gbọ̀ngàn àwòrán kan ní Èkó, inú yàrá kan náà pẹ̀lú Grillo ni n ó gbé e sí, kì í ṣe yàrá aṣọ àtijọ́. N kò ní ṣẹ́ ẹ po, n kò sì ní fi abala kan pamọ́ nítorí àyè, nítorí ojú rírán wà lára àwòrán náà. N ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn tó bá wá lè yí lọ wo ẹ̀yìn tó dúdú. N kò sì ní fi okùn sí iwájú rẹ̀. Kí olùwòran lè súnmọ́ ọn tó ìwọ̀n apá, nítorí ibẹ̀ ni ojú aládìrẹ wà nígbà tó ń yà á, ibẹ̀ nìkan sì ni a ti lè rí ibi tí ẹ̀kọ ti ń tán lẹ́nu ìyẹ́.